Èsì sí “ìrìn-àjọ”: àlọ àti àbọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka àtòjọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń túmọ̀ ìwé nípa bí ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣètò ìpàdé wọn: bí wọn yóò ṣe dé ibẹ̀, ibi tí wọn yóò sùn, àti ohun tí wọn yóò jọ máa ṣe nígbà tí ìjókòó bá tú. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ̀gbọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó mọ àfòmọ́, ìyẹn ègé tí à ń fi mọ́ iwájú ọ̀rọ̀, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ orúkọ, n kò sì ní fi ìyẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì wà nínú àtòjọ náà tí kò wọ̀ mí létí rárá. Èkíní ni “ìrìn-àjọ”, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìrìnnà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí ìpàdé. Wọ́n ní ìrìn-àjò ti ẹnì kan ni, pé bí a bá sọ àjò di àjọ, ìrìn àti ẹgbẹ́ yóò wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èkejì ni “ìgbafẹ́ ìmọ̀”, tí wọ́n fi pe gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ bá jọ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí jọ. Jọ méjì ló wà, ẹ̀gbọ́n sì lú wọn pọ̀ mọ́ra. Jọ kan máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe: wọ́n jọ lọ, a jọ ń jẹun, ẹ jọ sọ ọ́. Èyí ló ń gba àfòmọ́ à- tó fi ń di àjọṣe, àjọsọ, àjọjẹ, àjọni. Jọ kejì máa ń kẹ́yìn: kó wọn jọ, pé jọ, gbá a jọ. Inú èyí ni àpéjọ ti wá, òun náà la sì ń gbọ́ nínú àjọ tó dá dúró, ìyẹn àwọn èèyàn tó kóra jọ tàbí owó tí wọ́n kó jọ. Bí ẹ bá wá gbé àjọ yìí sí ẹ̀yìn ìrìn, ọ̀rọ̀ orúkọ méjì ló fara ti ara wọn, èkejì sì ń yán èkíní, ìyẹn ni pé ó ń sọ irú èyí tó jẹ́, bíi ti owó àjọ, alága àjọ, ilé àjọ. Ìtumọ̀ tí ìrìn-àjọ lè ní kò ju ìrìn tí àjọ kan ń rìn, tàbí ìrìn tí ẹnì kan ń rìn nítorí owó tí wọ́n dá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àwọn èèyàn jọ rìn, àjọrìn ni yóò sọ. Ọmọ tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kò ní ṣì í.

Àbúrò kan kọ̀wé lánàá pé àpéjọ ń jẹ́rìí gbe ẹ̀gbọ́n, torí pé ẹ̀yìn ni jọ wà níbẹ̀. Kò gbè wọ́n. Nínú àpéjọ, àfòmọ́ kan ṣoṣo ló wà, pé ló sì gbé e rù. Jọ tó tẹ̀lé e kò ní àfòmọ́ kankan lára. Nínú ìrìn-àjọ, ì- wà lórí rìn, à- tún wà lórí jọ. Ìhun méjèèjì kò jọra níbì kankan.

Àjọrìn gan-an kò sì ṣeé lò níhìn-ín, èyí ló jẹ́ kó dá mi lójú pé ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kò wo iṣẹ́ náà dáadáa. Báwo ni ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń lọ sí ìpàdé? Ẹnì kan ń bọ̀ láti Jápáànù, ẹlòmíràn láti Jámánì, ẹni kẹta láti Kẹ́ńyà. Kálukú ló ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Wọn kì í jọ rìn. Ṣe ni wọ́n ń pàdé, ìdí nìyẹn tí à ń pè é ní ìpàdé. Ohun tí olùṣètò ń ṣe kò ju pé kí ọ̀nà ogún tí ogún èèyàn ń gbà parí sí ẹnu ilẹ̀kùn kan ní ọjọ́ kan náà. Ibo wá ni àjọ ti wọ inú ìrìn?

Mo wá dórí ohùn àti àmì abẹ́. Àjò, ohùn ìsàlẹ̀ méjì. Àjọ, ohùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ohùn àárín, àmì sì wà lábẹ́ ọ. Lórí ìwé tí a fi àmì sí, ìyàtọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ tó bá ń fi fóònù kọ̀wé ní kíákíá? Láti 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò yìí, tí aiye ti di ayé, tí enia ti di ènìyàn, a ṣì ń bẹ ara wa lórí àmì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ olùwádìí kan. Ní ọdún kejì, ẹni tó ń tọ́jú owó kọ “owo ajo” ránṣẹ́ sí gbogbo wa láìfi àmì kan sí i. Owó àjò ló ní lọ́kàn, pé kí kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjì kà á sí owó àjọ, wọ́n san owó ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì jókòó. Nígbà tí a fi mọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ti gbówó lórí, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè wá mọ́. Ọ̀rọ̀ méjì tó ti ń da ara wọn rú báyìí ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí a mọ̀ọ́mọ̀ gbé sínú ìwé kan náà, lójú ewé kan náà. N kò lè fara mọ́ ọn.

Kí ni a wá fẹ́ máa pè é? Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀: àlọ àti àbọ̀. Ìyá tó bí bàbá mi kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń lọ síbì kan, ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, “Àlọ nìkan ni o sọ yẹn, àbọ̀ ńkọ́?” Ìgbà tí mo di akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mo tó mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹ wo bí èdè wa ṣe so àjò mọ́ àbọ̀. Ẹni tó dé, ẹ kú àbọ̀ là ń kí i, òun ló di ẹ káàbọ̀. Ẹni tó ń lọ, ó di àbọ̀ là ń wí fún un, òun ló di ó dàbọ̀. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọ́n tún ní àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó sì padà wá sọ ohun tó rí, ó jábọ̀. Ohun tí onímọ̀ kọ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, àbọ̀ ìwádìí ni. Àbọ̀ kan náà ni! Ìrìn tó kó èèyàn padà wálé àti ìròyìn tó kó bọ̀, ọ̀rọ̀ kan ló gbé méjèèjì. Èdè wo ló tún fẹ́ ṣe é fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ju báyìí lọ?

Ó sì bá iṣẹ́ náà mu. Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń bàjẹ́ ni àbọ̀. Wọ́n á ṣètò àlọ dáadáa: lẹ́tà ìpè fún àwọn tó nílò físà, tí ó yẹ kó ti jáde ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ọkọ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú dé òtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ kan láti sinmi fún ẹni tí oòrùn ilé rẹ̀ àti oòrùn ibi tó dé kò dọ́gba. Wọ́n á wá fi ìjókòó tó ṣe pàtàkì jù sí ọ̀sán ọjọ́ ìkẹyìn, nígbà tí ìdajì àwọn èèyàn ti ń fa báàgì wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó náà ńkọ́? Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi owó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, pé àwọn yóò dá a padà fún un tó bá dé ilé. Ẹni tí kò ní, kò ní wá. Kò sì ní sọ ìdí. Bí a bá kọ “ètò àlọ àti àbọ̀” gàdàgbà sórí ewé náà, olùṣètò kò ní lè gbàgbé apá kejì.

Ẹnì kan yóò ní àlọ láìsí àmì lè di àlọ́. Kò lè dààmú ẹnikẹ́ni, nítorí pípa là ń pa àlọ́, àbọ̀ tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlọ ń ṣọ́ ọ. Níbi tí a ti dé yìí, ẹni tó kọ “àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí” níhìn-ín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ààbọ̀ ni. Ìró a méjì ni. Mo ti sọ ọ́ rí, wọ́n ní mo ń ṣe ju. Kì í ṣe àṣejù.

Mo kúrò níbẹ̀, mo dé orí “ìgbafẹ́ ìmọ̀”. Afẹ́ tó wà nínú rẹ̀, afẹ́ ayé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń sọ pé afẹ́fẹ́ ló gé kúrú. Èyí tó wù kó jẹ́, ìgbafẹ́ jẹ́ ohun tí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ẹnì kan sì lè dá gbafẹ́. Ohun tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ń ṣe nídìí oúnjẹ àti lójú ọ̀nà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ò tíì tán. Ní 1927, níbi àpérò Solvay karùn-ún, tí àwọn onímọ̀ físíìsì ṣe ní Brussels, nídìí oúnjẹ àárọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ni Einstein ti ń gbé àtakò rẹ̀ sí ìmọ̀ kúáńtọ̀mù, ìmọ̀ nípa ìṣesí àwọn ohun tó kéré jù lọ, kalẹ̀. Bohr, onímọ̀ físíìsì tó ń gbèjà ìmọ̀ náà, á máa rò ó káàkiri, nígbà tí wọ́n bá fi máa jókòó ti oúnjẹ alẹ́, ó ti rí èsì. Àwọn àpérò Gordon ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí Neil Gordon bẹ̀rẹ̀ ní 1931 ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, òwúrọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n máa ń fi jókòó, wọ́n á dá ọ̀sán sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè jọ rìn, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Àwọn Gíríìkì tó fún ayé ní sìmpósíọ̀mù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àpérò lónìí, “mímu pọ̀” ni wọ́n ń sọ. Ìmu ló wà nínú orúkọ tiwọn. Àpérò tiwa, ìrò ló wà nínú rẹ̀. Ṣíṣe é pọ̀ ni wọ́n fi bára mu.

Nítorí náà, ibí gan-an ni jọ ti yẹ kó wà, kì í ṣe nínú ìrìn! Ẹ̀gbọ́n mú un kúrò níbi tó ti wúlò, wọ́n lọ gbé e síbi tí kò ní iṣẹ́ kankan. A ní nàjú: nà pẹ̀lú ojú, kí ojú tó ti rẹ̀ nídìí ìwé àti kọ̀ǹpútà nà díẹ̀. A jọ nàjú, ó di àjọnàjú. Àfòmọ́ rẹ̀ pé, jọ wà níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe bó ṣe yẹ, ẹnì kan kò sì lè dá a ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ó gùn lẹ́nu. Kò gùn ju “ìgbafẹ́ ìmọ̀” lọ.

Tí oúnjẹ bá wà nínú ètò náà, àjọjẹ ti wà, òwe rẹ̀ sì ti sọ ohun tí olùṣètò gbọ́dọ̀ mọ̀: àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan ò bá ní. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀ sọ pé kí wọ́n kọ iye owó oúnjẹ alẹ́ sí etí ìkéde láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí àpò rẹ̀ kò wúwo má baà tijú lọ́jọ́ náà. Ó tún ní kí wọ́n má fi gbogbo rẹ̀ sí orí òkè gígùn tí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gùn, tàbí sí ibi ọtí tí ẹni tí kì í mu kò ní wọ̀. Ohun tí òwe náà ń sọ nìyẹn láti ọjọ́ yìí wá. Ìgbafẹ́ kò ní ibi tí yóò ti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ikọ̀ tí wọ́n lò fún ẹgbẹ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, nítorí ẹni tí a rán ni ikọ̀, kò sì sẹ́ni tó rán àwọn wọ̀nyí. Àwọn ló yan ara wọn. Ṣùgbọ́n ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ di tiwa, n kò ní bá ẹnikẹ́ni fà á títí.

Ẹni tó wá ní kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé sáyẹ́ǹsì kò ṣeé sọ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Láti 1970 ni Babs Fafunwa, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọmọdé gbà á, ó yé wọn. Kí ló dé tí ètò ìpàdé àwọn àgbà kò ní ṣeé sọ?

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì dúró lórí ìrìn-àjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ọ̀rọ̀ kan péré tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀, tí àjọ gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ orúkọ nínú rẹ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pé àwọn èèyàn jọ ṣe nǹkan. Títí ìgbà náà, àlọ àti àbọ̀ ni mo ń kọ sínú apá tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́.