Orúkọ wo ni kí ọmọ mi mú ní ọjọ́ Kọnfaméṣọ̀n?

Ìyá ọmọ kan, Kàbà:
Okun o, ẹ̀yin ará nínú Kírísítì. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ṣe Kọnfaméṣọ̀n, sákráméńtì tí wọ́n fi ń fìdí ìgbàgbọ́ ẹni tó ti ṣe ìsàmì múlẹ̀, ní ìjọ Kátólíìkì wa, katikísì sì ti ní kí olúkúlùkù ọmọ mú orúkọ ẹni mímọ́ tó bá yàn wá. Monica ni ọmọbìnrin mi ń jẹ́ láti ọjọ́ ìsàmì rẹ̀ ní Ìsánlú. Ìyá ọkọ mi, tí àwọn náà ń jẹ́ Monica, ni wọ́n fún un lórúkọ ọ̀hún. Josephine Bakhita ni ọmọ ń fẹ́ báyìí. Ó ti da ìtàn ẹni mímọ́ náà kọ, ó sì fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ibi tó ti kà pé ìpayà oko ẹrú mú kí ó gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá ọkọ mi gbà pé ńṣe ni a fẹ́ pa orúkọ àwọn rẹ́. N kò fẹ́ já wọn kulẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ọmọ gba sákráméńtì pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Katikísì kan, Lọ́kọ́jà:
Ẹ kú àníyàn ọmọ. Orúkọ ìsàmì kì í parẹ́. Ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983 kò pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni mú orúkọ tuntun fún Kọnfaméṣọ̀n. Àṣà tó dára ni, ẹni tó bá sì wù lè di orúkọ ìsàmì rẹ̀ mú. Bí ọmọ bá mú Josephine, orúkọ yẹn ni bíṣọ́ọ̀bù yóò pè nígbà tó bá ń fi òróró mímọ́ sàmì sí i níwájú orí, ṣùgbọ́n Monica ṣì ni yóò wà nínú ìwé ìsàmì ní Ìsánlú, níbi tí fàdá yín gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí kí wọ́n lè kọ Kọnfaméṣọ̀n náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mò ń kọ́ ló jẹ́ pé bí orúkọ ṣe dùn létí nìkan ni wọ́n ń wò, ó sì máa ń dùn mí, nítorí alágbàwí tí wọn yóò máa ké pè títí ayé ni wọ́n ń yàn. Ọmọ tiyín mọ ẹni tí òun yàn. Ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni Bakhita, ará Darfur ní ilẹ̀ Sudan, tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì tà lẹ́rú. Ní Venice, ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1890, ló gba ìsàmì àti Kọnfaméṣọ̀n lọ́jọ́ kan náà, Póòpù John Paul II sì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní ọdún 2000. Ẹ jẹ́ kí ó mú un.

Ìyá àgbà kan, Ayétòrò Gbẹdẹ:
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ òfin kọ́ ló wà lọ́kàn ìyá ọkọ rẹ. Jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, kí ó ka ìtàn náà sí wọn létí, kí ó sì ní kí wọ́n súre sí i. Omijé àti àdúrà ni Monica Mímọ́ fi wá Augustine ọmọ rẹ̀ padà. Kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé òun kò kọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Arákùnrin kan, Kàbà:
Onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò dúró tì í lọ́jọ́ Kọnfaméṣọ̀n, ńkọ́? Ìjọ fẹ́ kí ó jẹ́ ẹni tó dúró fún un nígbà ìsàmì, kò sì gbà kí bàbá tàbí ìyá ọmọ ṣe é.

Ìyá ọmọ, Kàbà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá ìsàmì rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ǹjẹ́ ìyá ọkọ mi lè dúró fún un?

Katikísì, Lọ́kọ́jà:
Bí àwọn fúnra wọn bá ti gba Kọnfaméṣọ̀n tí wọ́n sì ń gba Kọmúníọ̀n, wọ́n lè ṣe é. Ẹ tètè sọ fún fàdá kó tó di pé wọ́n kọ orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ sílẹ̀.