Yàrá ni, kì í ṣe yàrà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹnì kan kó àkànlò èdè àwọn ará Ṣáínà tó mẹ́nu ba yàrá jọ lánàá, ó túmọ̀ wọn, ó sì sọ wọ́n ní "òwe oníyàrá". Ẹ má wí fún mi pé a ń sọ pé "ilé oníyàrá mẹ́ta". Ilé yẹn ní yàrá nínú. Òwe wo ló ní yàrá? Létí tèmi, òwe tí onílé ń pa fún ayálégbé tó jẹ gbèsè ni. Àkànlò èdè ti wà nílẹ̀ tipẹ́, kí la tún ń ṣẹ̀dá fún?

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti yǐn láng rù shì. Ó kọ ọ́ pé "mú ìkookò wọ yàrà". Yàrà kẹ̀, kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ yí ìlú ká! Ẹni tó mú ìkookò wọ yàrà, ọdẹ ni. Ẹni tó mú un wọ yàrá ló dáràn. Èdè olóhùn ni tiwọn náà: shì ni yàrá, shí ni ẹẹ́wàá. Mo tọ́ka sí i, ó ní torí pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí ni mo ṣe ń wá ẹjọ́ ohùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú gan-an ni kí ẹ bi léèrè yàrà! Erédò Sùngbọ́, yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn ju 160 kìlómítà lọ, ṣé yàrá ìbùsùn ni?

Ó tún fi "bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀" ṣe ẹlẹgbẹ́ ti ìkookò yẹn. Kò bá a mu. Ògiri ló lanu nínú tiwa. Nínú tiwọn, baálé ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Tóng shì cāo gē, àwọn tó jọ wà nínú yàrá kan tí wọ́n gbé ohun ìjà síra wọn, ìyẹn lòwe wa lè bá rìn: kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Ó wá kù dēng táng rù shì, tó pè ní "gun gbọ̀ngàn, wọ yàrà" (yàrà lẹ́ẹ̀kan sí i!). Zilu, ọmọ ẹ̀yìn Confucius, olùkọ́ àgbà ilẹ̀ Ṣáínà láyé àtijọ́, ń lu ohun èlò orin olókùn nílé ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sọ̀rọ̀ sí i, làwọn ọmọ ẹ̀yìn yòókù bá ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Confucius ní Zilu ti gòkè dé táng, kò tíì wọ shì ni: ó ti mọ̀ ọ́n, kò tíì dé ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Táng ni iwájú ilé, shì wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe ìnáwó kọ́ nìyẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, iyẹ̀wù sì ni shì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá àgbà mi ni mo ti ń gún egbò igi fún oògùn fún ọdún mẹ́ta, tí mò ń wo aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà iyẹ̀wù. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé aṣọ yẹn sókè, tí wọ́n ní "wọlé, wá wo bí a ṣe ń pò ó", ta ló tún ní láti túmọ̀ rù shì fún mi?

Ní ti ìkookò fúnra rẹ̀: ìyá ìyá mi ní ẹran tó ń rẹ́rìn-ín lóru ni. Láng inú òwe tiwọn, tí Òyìnbó ń pè ní wolf, kì í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní ká lo ajáko dípò ìkookò, mo ń bọ̀ wá bá ọ lọ́la.