Àbúrò mi fẹ́ kúrò ní kọ́léjì: fásitì wo ló máa gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn?

Ìyá Tọ́míwá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti fẹ́ẹ̀ dàrú. Ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń kọ ọ́, ẹ má wo àṣìkọ.

Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn màmá wa, ló ń gbé lọ́dọ̀ mi níbí ní Maryland. Kọ́léjì ọlọ́dún méjì tó wà ládùúgbò wa ló ń lọ, ó sì ti fẹ́ẹ̀ parí. Dókítà ló fẹ́ ṣe. Màmá wa ní Ìbàdàn ti ń pè é ní "Dókítà mi" kó tó mọ̀wé kọ, orúkọ tí wọ́n fi pa mọ́ sínú fóònù wọn gan-an nìyẹn. Fásitì méjì ló gbà á báyìí. Ọ̀kan ni UMBC, ti ìjọba ìpínlẹ̀ wa níbí. Èkejì jẹ́ fásitì aládàáni kan ní Pennsylvania, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ orúkọ ẹ̀. Ó ti fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ lẹ́tà ti Pennsylvania mọ́ ara fíríìjì mi, mi ò lè mumi kí n má rí i.

Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo èèyàn ló lẹ́nu, kò sẹ́ni tó lówó. Ọkọ mi ní ká mú èyí tó wà nítòsí, kò tún fẹ́ gbọ́ nǹkan míì. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní London ní tá a bá fi orúkọ ńlá sílẹ̀, a ti ba ayé ọmọ jẹ́. Ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ rí o! Mọ́mì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọ wọn wà ní fásitì olórúkọ, kì í rí mi kí wọ́n má bi mí pé "ẹ ti mú èyí tó dáa, àbí?" Ẹni tí kọ́léjì ní kó máa gbà á nímọ̀ràn, ìdáhùn kan ṣoṣo ló mọ̀: "Ọwọ́ ẹ ló wà." Àbúrò mi náà ò ran ara ẹ̀ lọ́wọ́. Màá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, màá bá ìkòkò ọbẹ̀ àná lórí sítóòfù, ìdérí ẹ̀ á wà nílẹ̀, òun á sì wà ní yàrá tó ń wo fídíò àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn tí wọ́n wọ kóòtù funfun. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní mi ò fẹ́ kóun ga.

Ọjọ́ Jímọ̀ la gbọ́dọ̀ san owó àsansílẹ̀. Èwo ni ká mú? Ṣé orúkọ fásitì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn máa ń wò?

Akin Laurel
Ẹ kú wàhálà, mà. GPA ẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ẹ̀ tó ń lọ dé 4.0, jẹ́ mélòó? Eélòó ni fásitì kọ̀ọ̀kan máa gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ìrànwọ́ kúrò? Kẹ́mísírì wo ló ti ṣe, físíìsì ńkọ́? Láìmọ ìwọ̀nyí, àfọ̀ṣẹ la máa ṣe.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Orúkọ ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ tèmi lọ sí Xavier ní New Orleans, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń bi mí pé ibo nìyẹn. Ilé ìwé kékeré, ti ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀: ilé ìwé tó ń sọ ọmọ aláwọ̀ dúdú di dókítà ni. Ó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Meharry báyìí ní Nashville. Ọjọ́ tí mo lọ gbé e wálé, oòrùn New Orleans fẹ́ẹ̀ pa mí, ooru Èkó kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi ilá se ọbẹ̀ níbẹ̀ o, mo jẹ ẹ́, mo tún ní kí wọ́n dì í fún mi lọ sílé.

Rẹ́sídéntì Baltimore
Kọ́léjì ọlọ́dún méjì lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ. Níbí, èèyàn gbọ́dọ̀ gba dìgírì kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọdún mẹ́rin míì ló sì máa lò níbẹ̀. Máàkì àti MCAT, ìdánwò àbáwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, 528 ni òkè téńté ìdánwò náà. AMCAS, tó ń gba fọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, máa ka gbogbo kọ́ọ̀sì tó ti ṣe láti ọjọ́ tó ti wọ kọ́léjì. Kọ́ọ̀sì tó bá tún ṣe, méjèèjì ni wọ́n máa kà. Kò sí pé èyí tó burú ti jókòó sí kọ́léjì àtijọ́. Orúkọ lè ranni lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó gba 3.8 ní UMBC ti fi ẹni tó gba 3.3 ní fásitì olórúkọ sẹ́yìn.

Ibi tó ti le fún ẹni tó ṣe tránsífà ni àkókò. Ọdún méjì péré ló ní láti wá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó mọ̀ ọ́n débi tó fi máa kọ lẹ́tà gidi fún un, kó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọsibítù, kó tẹ̀lé dókítà lẹ́nu iṣẹ́, kó sì wọ láàbù. Kó fi biochemistry àti báyọ́lọ́jì àwọn ọdún òkè sílẹ̀ de fásitì, kó sì gba A níbẹ̀, torí àwọn kan ṣì ń ṣiyèméjì sí máàkì kọ́léjì. Kí ẹ sì bi fásitì méjèèjì: ṣé wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń kọ lẹ́tà fún àwọn tó ń lọ kọ́ ìṣègùn, ṣé wọ́n á sì kọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?

Ìyá Tọ́míwá
Ẹ ṣé gan-an, dókítà. Ọmọ náà ń gbìyànjú, GPA ẹ̀ ò burú. Pennsylvania fún wa ní ìrànwọ́ díẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ ṣe pàtàkì ni, torí àwọn èèyàn ń sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Hopkins àti Harvard kì í wo ọmọ ilé ìwé ìjọba lójú.

Bàbá Bowie
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Kí ló dé tí ẹ gbé ọmọ kúrò ní Ìbàdàn tí UI wà lójúde yín? Ọdún mẹ́fà, ó ti di dókítà. Kó wá ṣe USMLE, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà níbí, kó gba ìwé ẹ̀rí ECFMG tó ń jẹ́ kí dókítà tó kàwé lókè òkun lè wọ rẹ́sídẹ́ńsì níbí, ó parí. Ìdajì àwọn dókítà Yorùbá tí mo mọ̀ níbí, ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà.

Ṣadé Houston
Bàbá, ẹ má bínú, UI ìgbà yín ti yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà wo? Àbúrò ọkọ mi lo ọdún mẹ́sàn-án.

Bàbá Bowie
Ó lo ọdún mẹ́sàn-án, ó jẹ gbèsè? Kò jẹ. Ẹ ka iye tí ẹ̀yin máa jẹ níbí kí ẹ tó fèsì.

Ìyá Tọ́míwá
Bàbá, ìyanṣẹ́lódì yẹn gan-an ló gbé e wá. Ó ti wà ní ọdún kejì nílé, microbiology ló ń kà. Ó jókòó sílé títí ó fi sú u. Èsì ẹ̀ láti ilé wà lọ́wọ́ mi, mo lérò pé wọ́n á kà á mọ́ ọn.

Rẹ́sídéntì Baltimore
Fásitì lè fún un ní kírẹ́dítì díẹ̀ lórí ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni kò ní gbà. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kó jẹ́ Amẹ́ríkà níbí lèèyàn ti ṣe báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, pẹ̀lú láàbù.

Akin Laurel
Ẹ dúró ná. Ó wá lẹ́yìn 2022. Ìwé wo ló ń lò? Ṣé ó ní gíríìnì káàdì?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Ẹ sọ fún un kó tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọsibítù o. Ọmọ tèmi, ibi ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Tọ́míwá
Akin, ọ̀rọ̀ fásitì ni mo gbé wá, mi ò sọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú.

Akin Laurel
Mà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ má bínú sí mi.

Ìyá Tọ́míwá
Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi wọlé. F-1. Èmi ti di ọmọ Amẹ́ríkà, mo sì ti fìwé sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí àbúrò mi. Lọ́yà ní kí n fọkàn balẹ̀.

Rẹ́sídéntì Baltimore
Á à. Ẹ̀gbọ́n, ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìwé tí ọmọ Amẹ́ríkà bá fi sílẹ̀ fún àbúrò ẹ̀ máa ń ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó kàn án. Kò ní bá MCAT ẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbí kì í gba ẹni tí kò bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tí kò ní gíríìnì káàdì, bó ti wù kí máàkì ẹ̀ ga tó. Àwọn kan ń gbà: Johns Hopkins ń gbà, Howard ní Washington ń gbà, Harvard àti Yale náà. Àwọn kan nínú àwọn tó ń gbà máa ń ní kéèyàn fi owó ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, tàbí kó kó o sí báńkì síbi tí kò ti ní lè fọwọ́ kàn án, kó tó wọlé. Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ ò sí fún F-1, yálà ní fásitì tàbí ní ìṣègùn. Ti báńkì aládàáni, ọ̀pọ̀ wọn á ní àfi kí ọmọ ìlú tàbí onígíríìnì káàdì dúró fún un. Ẹ̀yin nìyẹn.

Ṣadé Houston
Àwọn tó níwèé gan-an ò rí bí wọ́n ṣe máa ṣe é mọ́. Òfin 2025 ti pa Grad PLUS, ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tó ti gba dìgírì, rẹ́ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá láti 1 Oṣù Keje 2026. $50,000 lọ́dún, $200,000 lápapọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi òté lé e fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe dókítà eyín ní...

Akin Laurel
Ṣadé, ẹ jẹ́ ká parí èyí ná. Mà, UMBC náà máa gba owó ará òde lọ́wọ́ F-1, ó ju ìlọ́po méjì ti ọmọ Maryland lọ. Ṣé iye yẹn lẹ fi ṣírò?

Ìyá Tọ́míwá
Mo mọ̀, bí wọ́n ṣe ń gbà á ní kọ́léjì náà nìyẹn. Mo ti ṣírò ẹ̀. Pennsylvania ṣì fi bíi $22,000 lé e lọ́dún, lẹ́yìn ìrànwọ́. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọkọ mi níbí má sọ ọ́: mo ti ń bá báńkì sọ̀rọ̀ láti fi ilé yáwó. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà lórí ilé. Mo fẹ́ sọ fún un tí lẹ́tà báńkì bá dé.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Ilé kẹ̀? Arábìnrin mi, ẹ má dán an wò! Ẹ fi ilé ọmọ yín ra orúkọ fún àbúrò? Nígbà tí ó bá parí tí wọn ò gbà á, ta ni á san án?

Bàbá Bowie
Mo ti sọ tèmi. Kò sí báńkì tó máa gba irú ilé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí i, àṣírí ẹ máa tú sójú báńkì ni. Lọ sọ fún ọkọ ẹ lónìí. Owó ilé náà yẹn, ọmọ á fi kàwé nílé, owó á tún ṣẹ́kù.

Ìyá Tọ́míwá
Bàbá, kò ní padà sílé. A ti jà lórí ẹ̀. Mọ́mì gan-an ò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo sọ ọ́.

Rẹ́sídéntì Baltimore
Kò pọn dandan kó padà. Tèmi ni pé kó mú UMBC, kí ẹ má sì gbé $22,000 ọdọọdún yẹn ka orí ilé. Ọdún méjì, $44,000 nìyẹn, ẹ máa nílò ẹ̀ tí Hopkins tàbí Howard bá pè é. Kó mú dìgírì tó lè fi ríṣẹ́ bí ìṣègùn ò bá ṣeé ṣe lọ́dún tó parí. Ní ìgbà ilé ìwé, F-1 ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí ogún lọ lọ́sẹ̀, inú ọgbà sì ni. Kó wá a sínú láàbù kó tó dé ibi oúnjẹ. Kó tún kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan báyìí, kó bi wọ́n ní tààrà bóyá wọ́n ń gba F-1. Kó má gbára lé ohun tó rí nínú fídíò.

Ìyá Tọ́míwá
Mo ti kà á fún un. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ó ní òun ti mọ̀ nípa F-1 láti ọdún tó kọjá, pé òun rò pé ìwé tí mo fi sílẹ̀ á ti dé. Mi ò mọ ẹni tí n bá bínú sí. A máa san ti UMBC. Kí ló yẹ ká ṣe nípa I-20, ìwé tí ilé ìwé ń fún ọmọ F-1?

Akin Laurel
Kó gbé lẹ́tà ìgbàwọlé UMBC lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní kọ́léjì ẹ̀, kí wọ́n mú ọjọ́ tí wọ́n máa tú SEVIS ẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, sílẹ̀ fún UMBC. Kí ọjọ́ yẹn má ṣáájú ìdánwò àṣekágbá o, torí tí wọ́n bá ti tú u, iṣẹ́ tó bá ń ṣe nínú ọgbà kọ́léjì ti parí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni UMBC máa fún un ní I-20 tuntun. Kí sáà tuntun sì bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún.

Ìyá Tọ́míwá
Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Tí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, èmi náà máa bá a lọ. Ọkọ mi ti jí, ẹ jẹ́ kí n lọ bá a sọ̀rọ̀.