Ooru Orlando lóṣù Keje, kí la lè ṣe fún màmá àti àwọn ọmọ?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. À ń kó àwọn ọmọ lọ Disney World, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tó wà l'Orlando ní Amẹ́ríkà, lóṣù Keje, màmá mi náà ń bọ̀ láti Ìbàdàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tí wọ́n ń lò sì máa ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ gan-an, ooru yẹn ló ń bà mí lẹ́rù torí ó máa ń tó 33°C, òógùn ò sì ní í tètè gbẹ lára. Ṣé ká lọ láàárọ̀ kùtù, ká padà sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, ká tún jáde nírọ̀lẹ́? Ibo ni màmá lè jókòó sí tí AC wà? Sunscreen wo, ìyẹn ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, ni kì í funfun bí eérú lára àwa aláwọ̀ dúdú? Àbúrò mi ní a ò nílò ẹ̀, n ò gbà rárá, èjìká ọmọ mi bó lọ́dún tó kọjá.