Èsì: Afẹ́fẹ́ kì í gé gbòǹgbò

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo kí ẹ̀gbọ́n wa tó gbé ọ̀rọ̀ tuntun wá lánàá. Ẹ kú làákàyè, sà. Àmọ́ "ìfafẹ́fẹ́gégbòǹgbò" tí ẹ ní ká máa pe ọgbọ́n tí kì í jẹ́ kí gbòǹgbò igi kékeré máa pòòyì nínú ike tí a gbìn ín sí, kò ṣeé gbé mì fún mi. Gígùn rẹ̀ kọ́ ló ń bí mi nínú. "Gé" tó wà láàárín rẹ̀ ni.

Ohun tó bá lẹ́nu la fi ń gé nǹkan: ọ̀bẹ, àdá, àáké. Èwo lẹnu afẹ́fẹ́? Bí ṣónṣó gbòǹgbò bá yọ sí ihò ara ike, tí ike náà ò sì fìdí kanlẹ̀, afẹ́fẹ́ á fa omi ara ṣónṣó náà gbẹ, á sì kú. Bó bá ti kú, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á máa yọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á kún inú ike náà dípò kí ẹyọ kan máa gùn lọ lára ògiri ike. Níbo ni gígé wà nínú ìyẹn?

Àwọn àgbà ti fún wa lọ́rọ̀ yìí tipẹ́, ẹnu lásán la fi ń pè é. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ tú u palẹ̀: pa + ẹ̀ka. Bí "pa" bá tọ́ sí ẹ̀ka tí wọ́n fi àdá bẹ́, ṣé gbòǹgbò tí ṣónṣó rẹ̀ kú ní tòótọ́ ni kò ní tọ́ sí? Egbò, tó túmọ̀ sí gbòǹgbò, ló sì wà nínú egbòogi. Pa + egbò: pegbò. Ìfafẹ́fẹ́pegbò. Ó tán.

Àwọn kan máa ń fi ọ̀dà tó ní èròjà bàbà kun inú ike; ṣónṣó tó bá fara kàn án á dáwọ́ gígùn dúró. Ìfibàbàpegbò nìyẹn. Ẹ wá pe tiyín, kí ẹ gbọ́ bí bàbà ṣe di ọ̀bẹ. (Ike tó ní ìlà gíga lóòró nínú ò sí lára èyí o. Kò pa nǹkan kan, ó kàn ń darí gbòǹgbò sísàlẹ̀ ni.)

"Gé" níṣẹ́ tirẹ̀. Bí igi bá ti pẹ́ jù nínú ike, ọ̀bẹ mímú la fi ń fá ẹ̀gbẹ́ àti ìdí ìṣù gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kí a tó gbìn ín. Bí a bá pe méjèèjì ní gígé, ẹni tó yẹ kó fa ọ̀bẹ yọ á rò pé kóun ṣáà ti bọ́ ike kúrò, afẹ́fẹ́ á parí ìyókù. Kò lè parí ẹ̀. Gbòǹgbò tó ti gbó ní kíká ò ní na ara rẹ̀ nítorí pé ó dé inú ilẹ̀. Òun ń sanra, ìdí igi ń sanra, títí á fi fún igi náà lọ́rùn. Ọdún á ti gorí ọdún, ẹnikẹ́ni ò ní rántí ike mọ́, kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lórí igi náà, tàbí kí ìjì tó wó o. Ìdí tí mi ò fi lè dákẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó ní "pegbò" dún bí ẹni ń tọ́jú ojú ọgbẹ́, ta ló ń pa egbò? Wíwò la ń wo egbò.

Ìyá wa tó ní ká pe gbòǹgbò tó ń pòòyì ní "aká", torí ejò náà ń ká, ìtumọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í fàmì sọ́rọ̀ á kà á sí àká, gbòǹgbò á wá di ilé ọkà. Ẹ ní ẹni tí kì í fàmì sí i ò gbọdọ̀ pàṣẹ fún èdè, pé ẹ ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí n tó mọ àmì ohùn. Òótọ́ ni. Èmi náà ń gbin igi sínú ike, mo sì mọ bí ṣónṣó tó kú ṣe rí.

Ẹni tó bá ní àgbàlagbà nílé, kó bá wa bi wọ́n: gbòǹgbò tó gbẹ lórí tí igi rẹ̀ ò kú, kí ni wọ́n ń pè é? Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì fi "gé" sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ò fọwọ́ sí i.