Tábìlì àwọn aláìbìkítà: ṣé kí n jókòó ni, àbí kí n dìde?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ti ta póókà, eré káàdì olówó yẹn, rí láàrin yín, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Adó lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan ní Basírì la ti máa ń ta á. Tíṣà méjì, télọ̀ kan, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta táyà, ọ̀rẹ́ mi tó ni ṣọ́ọ̀bù, èmi, àti ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé débẹ̀. A kò ní àwọn rọ́bà pẹlẹbẹ tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù. Ọmọ ayò la fi ń ṣe ₦1,000, ìdérí mínírà la fi ń ṣe ₦100. Ọpọ́n ayò méjì la tú fún iṣẹ́ yẹn, bàbá ọ̀rẹ́ mi kò sì tíì mọ̀ títí di òní.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta: káàdì méjì ni wọ́n máa fún ọ, ìwọ nìkan lo máa rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí mẹ́ta sílẹ̀ láàrin tí gbogbo yín jọ ni, wọ́n á tún ṣí ọ̀kan, wọ́n á wá ṣí ẹyọ kan tó gbẹ̀yìn. Ẹni tí márùn-ún rẹ̀ bá dára jù nínú méje yẹn ló kó owó àárín. Kí wọ́n tó ṣí èyíkéyìí, owó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀: o lè tẹ̀lé, o lè fi kún un, o sì lè ju káàdì rẹ sílẹ̀ kí o máa wòran. Owó ọ̀ranyàn tí ẹni méjì máa ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì, ₦100 àti ₦200 ni lọ́dọ̀ wa. ₦20,000 sì ni olúkúlùkù ń gbé jókòó.

Mo kọ́ ọ lórí fóònù nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn tíṣà wọ̀nyẹn, mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù owó wọn. Tí o bá ti fi kún un, wọ́n á ju káàdì sílẹ̀. Èrè ₦3,000 nìyẹn, o ra súyà, o lọ sílé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, àwọn mẹ́ta kan dé láti ibi òkú ní Ìlawẹ̀, aṣọ ẹbí ṣì wà lọ́rùn wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣe bùlọ́ọ̀kù, òun ló jókòó sí ọwọ́ òsì mi. Ọkùnrin yìí kì í wo káàdì rẹ̀ kó tó ju ₦1,000 sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó rọra, á ní, "Ẹ fi sí i jàre, òkú ṣáà ti sùn." Láàrin wákàtí kan, eré tí a fi ń pa alẹ́ ti di ọjà. Owó tó ń wà láàrin lẹ́ẹ̀kan ti ju èyí tí a ń rí ní gbogbo alẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

Inú mi dùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ayò, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ọ̀ta bá rí òpè tó jókòó tì í tọwọ́tẹsẹ̀.

Mo wá gba èésì méjì, káàdì méjì tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Káàdì 52 ló wà níbẹ̀, èésì méjì lọ́wọ́ kì í sì wá ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 221 lọ. Mo fi ₦1,000 sílẹ̀. Ẹni márùn-ún tẹ̀lé e! Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí nìyí o. Tí èésì méjì bá kojú ẹnì kan ṣoṣo tó gbé káàdì èyíkéyìí, á borí ní nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. Tó bá kojú ẹni márùn-ún, ó ti di bí ìgbà 49. Ẹni tí kò mọ ìṣirò á ní àwọn èèyàn yìí ti ba èésì jẹ́. Rárá o. ₦1,000 ni mo fi sílẹ̀, ₦6,000 ló wà láàrin, tí ó bá sì jẹ́ pé bí ìdajì ìgbà ni màá kó o, èrè gidi ni. Àmọ́ nínú ìdajì yòókù, wọ́n á kó owó mi lọ lójú mi, á sì dà bí ẹni pé ayé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ṣí mẹ́sàn-án, mẹ́fà, mẹ́ta. Mo fi ₦4,000 sílẹ̀, ẹni méjì tẹ̀lé e. Wọ́n ṣí kíńgì. Mo ti ₦15,000 tó kù níwájú mi sáàrin, gbogbo ẹ̀. Télọ̀ ju tirẹ̀ sílẹ̀. Oníbùlọ́ọ̀kù kò tilẹ̀ ro ó, ó tẹ̀lé e, ó sì yí káàdì rẹ̀ síta: mẹ́fà àti méjì. Nínú káàdì 44 tí a kò tíì rí, 5 péré ló lè pa mí: mẹ́fà méjì àti méjì mẹ́ta tó kù. Èyí tí wọ́n ṣí gbẹ̀yìn, méjì ni. Mẹ́fà méjì àti méjì méjì ló di tirẹ̀, wọ́n sì borí èésì méjì mi.

₦48,000. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ọ, àwọn ìdérí mínírà ń já bọ́ sílẹ̀. Mo bi í pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí nínú mẹ́fà àti méjì?" Ó ní ọjọ́ kejì oṣù ni wọ́n bí òun.

Mo jáde. Ọyẹ́ ń fẹ́ lóde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. ₦20,000 mìíràn wà lápò mi, owó ilé ìwé ọmọ mi sì ni, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ gbà á. Ọkàn kan ní, "Ọkùnrin yẹn ti ní tó ₦60,000 níwájú báyìí, kò sì ní ju káàdì kankan sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìgbà wo lo tún fẹ́ rí irú ẹ̀?" Òótọ́ ni. Kò sí tábìlì tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń ta á.

Àmọ́ òótọ́ yẹn nílò ẹni tí owó rẹ̀ lè ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó tún dìde. Àwọn tó ń fi póókà jẹun máa ń tọ́jú owó ìjókòó tó 20, àwọn mìíràn tó 30, kí wọ́n tó gbà pé apá wọn ká a. Èmi ní ẹyọ kan, tọmọ sì ni. Ohun tó tún tì mí lójú ni pé nígbà tí mo fetí sí ara mi dáadáa, n kò fẹ́ jèrè mọ́. Ọkùnrin yẹn gan-an ni mo fẹ́ gba owó mi lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti ń rò ó pé tí n bá padà wọlé, káàdì àkọ́kọ́ tó bá ní àwòrán lójú, màá ti gbogbo owó sí i.

Mo wọlé, mo mú fìlà mi. Wọ́n ní níbo? Mo ní, "Ulé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Télọ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé òun kó ₦52,000 lọ sílé, ọwọ́ oníbùlọ́ọ̀kù ló ti gbà á. Ẹ ò rí i, ó ṣì ń dùn mí. Ẹ wí tiyín.

Láti Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú ìrírí, ẹ̀gbọ́n. Èmi jókòó ni ní tèmi. Àwọn ọlọ́kadà àti ọ̀dọ́ àdúgbò wa ni, owó ìjókòó ₦10,000, wọn kì í sì í ju káàdì sílẹ̀ àfi tí òjò bá fẹ́ pa wọ́n. Mo gbé ₦40,000 lọ, ohun tó gbà mí nìyẹn, nítorí pé ₦20,000 àkọ́kọ́ wọgbó.

Ẹ̀bi mi ni èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀. Mo ń wá sípéèdì márùn-ún, kí gbogbo káàdì mi lè jẹ́ irú kan náà, ìkarùn-ún kò wá, mo bá fi ₦8,000 halẹ̀ mọ́ ọmọkùnrin kan kó lè sá. Ó wo káàdì ẹ̀, ó wò mí, ó tẹ̀lé e. Jáàkì lásán ló ní! Mo ní kí ló ṣe tó fi tẹ̀lé e. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ rí i ni."

Láti ìgbà yẹn n kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí kì í sá, kí lẹ fẹ́ fi lé e? Mo ń jẹ ẹ̀pà sísè, mo ń ju káàdì sílẹ̀ fún bíi wákàtí méjì, wọ́n ń pè mí ní alága ìjọ. Tí káàdì gidi bá dé, ibi tí ǹ bá ti fi ₦2,000 sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tíṣà yín, ₦5,000 ni mò ń fi sí i. Bákan náà ni wọ́n ń tẹ̀lé e. Mo lọ sílé pẹ̀lú èrè ₦31,000. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, ó sú mi ju iṣẹ́ oko lọ.

Láti Ìjerò:
Ẹ̀rù ló bà yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má pè é ní ìṣirò.

Láti Ìkọ̀lé:
Àbúrò, ọ̀ta ayò ni mí, kí n tó mọ póókà. Nídìí ayò, a máa ń fi òpè ṣẹ̀sín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀, ara eré ni. Mo gbé ìwà yẹn dé ìdí káàdì. Ọmọ kan ń dúró de káàdì ẹyọ kan tó máa bá a dí àlàfo àárín kí márùn-ún rẹ̀ lè tò tẹ̀lé ara wọn, mo sì pariwo mọ́ ọn pé, "Mẹ́rin péré ló wà nílé tó lè gbà ọ́, o ń san owó tó báyìí!" Mo tilẹ̀ ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Ọmọ náà dákẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, kò ṣe é mọ́. Àwọn mìíràn tó gbọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwọn. Ẹnu mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn oúnjẹ mi. Ìbéèrè tí ẹ bi ọkùnrin yẹn nípa mẹ́fà àti méjì, ẹ má tún bi í mọ́. Ẹ kí i kú oríire.

Láti Ọ̀yẹ́:
Orí fóònù ni èmi àtàwọn tá a jọ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ti ń ta á, owó inú ẹ̀ kì í ṣe owó gidi, nítorí náà wèrè ni gbogbo wa. N kò mọ̀ pé èèyàn ń fi owó gidi ta á bẹ́ẹ̀ yẹn. Bọ̀dá, kí ni ìyàwó yín sọ?

Èmi náà nìyí:
Àbúrò mi tó wà ní Ọ̀yẹ́, a san owó ilé ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyàwó mi kò mọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ará Ìjerò, ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, mo gbà.

Bàbá wa ní Ìkọ̀lé, mo ti gbọ́. Ohun kan tún wà tí n kò sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ òsì mi ni ọkùnrin yẹn jókòó sí, ọwọ́ òsì ni ọ̀rọ̀ sì ń yí sí. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi owó sílẹ̀, òun ló kàn, n kò lè mọ ohun tó fẹ́ ṣe àfi lẹ́yìn tí owó mi bá ti kúrò lọ́wọ́ mi. Télọ̀ ló wà lọ́wọ́ òsì tirẹ̀. Ó máa ń rí ohun tí ọkùnrin náà ṣe kó tó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ₦52,000 yẹn ti wá ju ọgbọ́n orí lọ.

Mo gbọ́ pé òkú mìíràn tún wà ní Ìlawẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ara ilé kan náà. Mo ti ya ₦60,000 sọ́tọ̀, kò sí ti ọmọ kankan nínú ẹ̀. Mo sì ti bẹ ọ̀rẹ́ mi tó ni ṣọ́ọ̀bù pé ibi yòówù tí oníbùlọ́ọ̀kù bá jókòó sí, kó bá mi gbé fìlà lé àga tó wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀ kí télọ̀ tó dé.