‘Bàálù àpatì’: ta ló pa á tì?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé lórí òfin bàálù ogun tó já tàbí tó rì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì dábàá pé ká máa pè wọ́n ní "bàálù àpatì". Àwọn kan ti kan sáárá sí i. Ẹ foríjì mí, n kò sí lára wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí lóòótọ́, àmọ́ ó ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó jókòó.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn kò gbà pé bàálù àwọn di àpatì, bó ti wù kó pẹ́ tó nísàlẹ̀ omi. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2004 tì wọ́n lẹ́yìn: pípẹ́ kò gba nǹkan ìjọba lọ́wọ́ ìjọba, àfi kí ìjọba fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti yọwọ́. Inú adágún Michigan, níbi tí àwọn awakọ̀ wọn ti ń kọ́ bí bàálù ṣe ń balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi nígbà ogun yẹn, bàálù tó lé ní 100 ló rì síbẹ̀. Ẹni tó bá fa ọ̀kan jáde láìgbàṣẹ, ohun oníǹkan ló gbé. Ẹ wá wo ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ kan náà: iná jó àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì kéde pé bàálù àwọn tó já ṣáájú ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá 1961, tí a kò tíì gbé, àwọn ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣé orúkọ kan náà la máa fún méjèèjì?

Èdè wa kò kúkú ṣaláìní ohun tí a ó fi yà wọ́n. Ohun tó sọ nù ṣì ní olówó. Ohun tí a pa tì, a lè padà sídìí rẹ̀ lọ́la. Ohun tí a kọ̀ sílẹ̀ ni ẹnu ti sọ̀rọ̀ lé lórí, bí ìgbà tí tọkọtaya bá kọ ara wọn: ọkọ tó lọ tí kò bọ̀ kò tíì kọ ìyàwó. Nítorí náà, "bàálù tó sọ nù" ni ti ojú omi, "bàálù tí a kọ̀ sílẹ̀" ni ti òfurufú.

Àbúrò tó dábàá "òkú bàálù" fún ohun tó kù lára bàálù tó já pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1986 dáàbò bo gbogbo bàálù ológun tó já sórí ilẹ̀ wọn. Ẹni tí kò bá gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ètò ààbò kò gbọdọ̀ hú u, wọn kì í sì í sábà fún ni láṣẹ níbi tí òkú ènìyàn bá ṣeé ṣe kó wà. Ẹ wá kọ gbólóhùn yẹn pẹ̀lú "òkú bàálù" kẹ́ ẹ wò ó. "Àfọ́kù" náà kò kárí. B-17 kan, bàálù ajubọ́ǹbù ti Amẹ́ríkà, balẹ̀ sínú irà ní Papua New Guinea ní 1942, àwọn mẹ́sàn-án tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè, bàálù sì jókòó síbẹ̀ ní odindi títí wọ́n fi gbé e ní 2006. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ín dá a dúró ní èbúté Lae títí di 2010, kó tó dé Amẹ́ríkà. Èmi fara mọ́ "àṣẹ́kù bàálù ogun": kò sọ pé ó fọ́, kò sọ pé ó kú, kò sì sọ ẹni tó ni ín.

"Ìgbàpadà" fún iṣẹ́ yíyọ bàálù kúrò nínú omi tàbí ilẹ̀ tún ń kọ́? Olóhun ló ń gba nǹkan padà. "Fífà jáde" tàbí "híhú" ló bá iṣẹ́ náà mu.

"Ìtọ́jú", fún iṣẹ́ tí a ń ṣe kí bàálù tí a fà jáde má bàa bàjẹ́ sí i, ni mo fara mọ́ pátápátá. Bàálù Dornier ti Jámánì tó já sínú òkun lẹ́bàá Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1940, ọdún 2013 ni wọ́n fà á jáde. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ní Cosford, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fọ́n omi tó ní ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára, kí iyọ̀ má bàa jẹ ẹ́ tán. Wọn kò tún un ṣe rárá, nítorí náà ẹ yọ "àtúnṣe" kúrò níbi tí ìwé náà bá ti sọ̀rọ̀ irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn tí ẹ ti fẹ́ lo "bàálù àpatì" ránṣẹ́, ká mọ̀ bóyá ti ojú omi ni tàbí ti òfurufú.